Òkè ni àbí kòtò? Bí a ṣe ń ka ilẹ̀ Mars nínú àwòrán láti òfuurufú

Mo tẹ àwòrán kan jáde, mo gbé e lọ sí kíláàsì ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ilẹ̀ pílánẹ́ẹ̀tì Mars ni, ohun róbótó kan sì wà láàárín rẹ̀. Mo bi àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n rí. Àwọn kan ní òkè ni, pé ó jọ Olósùnta tí wọ́n ń wò lójú fèrèsé. Àwọn tó kù ní rárá o, kòtò ni. Wọ́n fà á títí ariwo fi gba kíláàsì. Ọmọbìnrin kan tó jókòó sẹ́yìn pátápátá ló gba bébà náà, ó dorí rẹ̀ kodò, ó sì kígbe: "Ẹ wò ó, mà! Òkè yẹn ti di kòtò!"

Kò sí idán níbẹ̀. Ohun tí ọmọ yẹn ṣe ló wà nídìí iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé, ìyẹn kíka ilẹ̀ pílánẹ́ẹ̀tì olókùúta nínú àwòrán tí sátẹ́láìtì yà nígbà tó ń yí i po. Orbital image ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè jókòó sí Adó-Èkìtì kó máa tọ odò tó ti gbẹ ní Mars láti orísun dé ẹnu rẹ̀, torí pé ọ̀fẹ́ ni àwọn àwòrán NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ yíyípo yẹn ṣe kókó. Ní 1965, ọkọ̀ òfuurufú Mariner 4 kàn gba ẹ̀gbẹ́ Mars kọjá ni. Àwòrán tó yà kò ju 22 lọ, kòtò ló sì kún inú wọn. Àwọn èèyàn wò ó, wọ́n ní Mars kò yàtọ̀ sí òṣùpá. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọkọ̀ láti Àkúrẹ́, tó gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá lọ sí Adó, kò tíì lè ní òun mọ Èkìtì. Oṣù kọkànlá ọdún 1971 ni Mariner 9 dé, òun sì ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó yí pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn po. Ìjì eruku ti bo gbogbo Mars nígbà tó dé, orí òkè gíga mélòó kan nìkan ló ń yọ. Ó dúró dè é. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, àwọn òkè ayọnáyèéfín tó ga ju ti ayé lọ hàn, ọ̀gbun tó gùn ju 4,000 kìlómítà lọ hàn, ipa odò gbígbẹ náà sì hàn.

Bí mo bá ṣí àwòrán, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi ara mi ni pé, báwo ni píksẹ́lì rẹ̀ kan ṣe tóbi tó nílẹ̀? Píksẹ́lì ni ẹyọ àmì kéékèèké tí wọ́n tò di àwòrán, bí ìgbà tí èèyàn sín ìlẹ̀kẹ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ní ju àwọ̀ kan lọ. Kámẹ́rà kan wà lórí sátẹ́láìtì Mars Odyssey tí píksẹ́lì rẹ̀ gba 100 mítà. Odindi pápá bọ́ọ̀lù á di ẹyọ àmì kan níbẹ̀. Ti CTX, kámẹ́rà kan lórí sátẹ́láìtì Mars Reconnaissance Orbiter tó dé Mars ní 2006, jẹ́ 6 mítà, bí ìwọ̀n bọ́ọ̀sì akérò kan. HiRISE, kámẹ́rà mìíràn tó wà lórí ọkọ̀ kan náà, ń rí nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà láti òkè tó tó 300 kìlómítà, débi pé bí ẹnì kan bá gbé tábìlì síta, yóò hàn. Ṣùgbọ́n àwòrán HiRISE kò fẹ̀ ju bí 6 kìlómítà lọ, ti CTX sì fẹ̀ tó 30. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi CTX wá odò, kí wọ́n tó fi HiRISE yẹ etí rẹ̀ wò.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan oòrùn. Iyán ni mo fi ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ, ní Èkìtì kí ló tún sún mọ́ wa jù ú? Ẹ mọ iyán róbótó sínú abọ́, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ kí ihò kékeré wà níbẹ̀. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ wo òkìtì iyán náà: ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí tọ́ọ̀ṣì ń dán, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹ wá wo inú ihò àtàǹpàkò, òdìkejì ni. Ògiri tó sún mọ́ tọ́ọ̀ṣì ló ṣókùnkùn, torí pé ó kẹ́yìn sí iná. Ògiri tó jìnnà ni iná bà lé. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí oòrùn ti ń tàn kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òkè ni òun ń wò tàbí kòtò. Láti ìgbà tí a ti dáyé, òkè ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá bá wa, nítorí náà ọpọlọ máa ń gbà pé apá òkè bébà ni ìmọ́lẹ̀ ti wá. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ bébà ló ti wá, kòtò á yọ sókè bí òkìtì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn nìyẹn.

Mars Reconnaissance Orbiter mú iṣẹ́ yìí rọrùn fún wa. Nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ibẹ̀ ló ń kọjá lórí ilẹ̀ tó ń yà, oòrùn ti yẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Bí àríwá bá wà lókè àwòrán, ọwọ́ òsì ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá.

Òjìji náà la fi ń mọ bí kòtò ṣe jìn tó. Bí oòrùn bá wà ní ìwọ̀n 45 sókè ilẹ̀, òjìji máa ń gùn dọ́gba pẹ̀lú gíga ohun tó jù ú. Ká ní etí kòtò kan ju òjìji tó gba píksẹ́lì 20 nínú àwòrán CTX: 20 lọ́nà 6 jẹ́ 120. Kòtò náà jìn tó 120 mítà níbi tí òjìji yẹn parí sí. Bí oòrùn bá rẹlẹ̀ tàbí ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, tangent tí wọ́n ń kọ́ ọmọ girama ló máa yanjú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìṣirò yìí gan-an, torí pé ọmọ tó ń bi mí pé kí ni òun fẹ́ fi tangent ṣe rí ìdáhùn gbà lójú ẹsẹ̀.

Òkúta láti òfuurufú ló ń gbẹ́ àwọn kòtò wọ̀nyí. Eré tó ń sá bọ̀ lè tó 10 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá kan ilẹ̀, kì í rì bí òkò tí èèyàn jù sínú ẹrẹ̀, ńṣe ló ń bú gbàmù, ìdí nìyẹn tí kòtò fi máa ń rí róbótó bí òkúta náà bá tilẹ̀ ya ẹ̀gbẹ́ wá. Ayé náà jẹ irú òkò yìí. Ní apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, adágún Bosumtwi wà nítòsí Kumasi ní Gánà, kòtò tó fẹ̀ tó 10.5 kìlómítà, tó ti wà láti nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn, tí omi wá kún. Ṣùgbọ́n òjò, odò àti igbó ti pa ọ̀pọ̀ ti ayé rẹ́. Èyí tí a mọ̀ dájú kò ju bí 200 lọ. Afẹ́fẹ́ Mars kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa, òjò kì í rọ̀ níbẹ̀ mọ́, kòtò tó ti lo bílíọ̀nù ọdún ṣì wà ní ìjókòó.

Àfonífojì ló máa ń gba àkókò mi jù, ọmọ Èkìtì kì í sì í pẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ gun òkè ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lẹ́yìn òjò ńlá, kí ẹ wo ibi tí àgbàrá gbà. Tẹ́ẹ́rẹ́ méjì á pàdé, wọ́n á di ọ̀kan tó fẹ̀ díẹ̀, òmíràn á tún dà sínú rẹ̀, títí yóò fi di odò. Láti òkè, ó rí bí ẹ̀ka igi tó ń wá pàdé ní ìtí. Bí ipa kan ní Mars bá ní irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀, tó ń ti ilẹ̀ gíga lọ sí ilẹ̀ rírẹlẹ̀, tó sì ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ, omi ló gbẹ́ ẹ. Òkúta yíyọ́ láti inú òkè ayọnáyèéfín náà máa ń gbẹ́ ipa, ṣùgbọ́n ojú ihò kan ni tirẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ní ẹ̀ka tó ń dà sínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbun gígùn tí Mariner 9 rí, Valles Marineris, tún yàtọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ló fà ya bí ògiri amọ̀ ṣe ń sán, etí rẹ̀ sì ń ya lulẹ̀ títí ó fi fẹ̀. Ó jìn tó kìlómítà méje láwọn ibì kan. Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ pé odò ló gbẹ́ gbogbo rẹ̀.

Orúkọ tí onírúurú èdè fi ń pe Mars fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ àwọn àfonífojì ńlá ibẹ̀: Kasei jẹ́ ti Japan, Mawrth ti Wales, Ares ti Gíríìsì. Kòtò kéékèèké ń jẹ́ orúkọ ìlú kéékèèké lágbàáyé. Mo ń retí ọjọ́ tí ọ̀kan yóò jẹ́ Ìgèdè, ìlú tí odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ ní Èkìtì.

Èwo wá ló ṣáájú, odò ni àbí kòtò? Ẹ rántí ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa lẹ́yìn òjò. Bí pátákò ewúrẹ́ bá tẹ orí ipa táyà ọ̀kadà, ọ̀kadà ló kọ́kọ́ kọjá. Bí táyà bá gé ojú pátákò sí méjì, ewúrẹ́ ló ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mars. Bí odò bá já etí kòtò wọlé, kòtò ti wà níbẹ̀ kí omi tó dé. Bí kòtò bá jókòó sórí odò, tí ipa odò dáwọ́ dúró létí rẹ̀ tó tún bẹ̀rẹ̀ lódìkejì, odò ti gbẹ kí òkúta tó balẹ̀. Kòtò Jezero, tó ń jẹ́ orúkọ ìlú kan ní Bosnia, fẹ̀ tó 45 kìlómítà. Odò kan já etí rẹ̀ wọlé níwọ̀-oòrùn, ó da ẹrẹ̀ sílẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ tí a ṣí. Ipa mìíràn já jáde níhà ìlà-oòrùn. Omi kì í ṣàn jáde nínú abọ́ tí kò kún. Inú àwòrán ni àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé adágún ni ibẹ̀ nígbà kan. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 2021 ni Perseverance, ọkọ̀ róbọ́ọ̀tì NASA, balẹ̀ síbẹ̀, ó sì rí ìpele ẹrẹ̀ tó ti di òkúta lẹ́nu odò náà.

Ní ti ọjọ́ orí, kíkà ni. Bí òjò bá ń ta sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ gbá ìdajì àgbàlá: ìdajì tí ẹ gbá kò ní ní àpá ẹ̀kán òjò tó èyí tí ẹ fi sílẹ̀. Ilẹ̀ tí kòtò pọ̀ lójú rẹ̀ ló dàgbà jù. Òkúta tí àwọn tó bá ọkọ̀ Apollo lọ kó bọ̀ láti òṣùpá láàárín 1969 sí 1972, tí wọ́n sì wá mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ló jẹ́ ká lè sọ iye kòtò di iye ọdún, ìṣirò náà sì fi hàn pé ọ̀pọ̀ odò ẹlẹ́ka Mars ti tó bílíọ̀nù ọdún 3.7. Àṣìṣe tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ni kíka kòtò ọmọlẹ́yìn, àwọn kéékèèké tí àfọ́kù láti inú kòtò ńlá gbẹ́ nígbà tó já bọ́. Wọ́n máa ń wọ́ jọ bí ìdì. Bí mo bá rí wọn, mo ń fò wọ́n.

Àgùàlà tí a ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá, ìyẹn pílánẹ́ẹ̀tì Venus, kò gbà fún irú kámẹ́rà yìí. Ìkùukùu bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá. Rádà ni ọkọ̀ òfuurufú Magellan fi ya ilẹ̀ rẹ̀ láàárín 1990 sí 1994, àti pé nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ibi tó rí págunpàgun ló ń mọ́lẹ̀, ibi tó tẹ́jú ló ń dúdú.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá 2021, InSight, ẹ̀rọ tó ń fetí sí ìmìtìtì ilẹ̀ ní Mars, gbọ́ ọ̀kan tó tó ìwọ̀n 4. Nígbà tó yá, àwòrán láti òkè fi ohun tó fà á hàn: kòtò tuntun tó fẹ̀ tó 150 mítà, tó jìn tó 21 mítà, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tẹ́lẹ̀, yìnyín funfun sì fọ́n ká etí rẹ̀. Mo gbé àwòrán náà lọ sí kíláàsì kan náà. Kí n tó la ẹnu, ọmọbìnrin ẹ̀yìn kíláàsì ti nawọ́.

"Mà, apá ibo ni oòrùn wà?"