Fóltéèjì Tó Ń Dà Sọ́nà: Ìdí Tí Mítà Fi Ń Sọ Pé Iná Wà Nígbà Tí Kò Sí

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní mọ́tòhóòmù kan, ìyẹn ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì, ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní RV. Kent, ní gúúsù ìlà-oòrùn Ìlú Ọba, ni wọ́n ń gbé. Bí òtútù bá ti wọlé lóṣù kẹwàá, wọn á pa ọkọ̀ náà tì sẹ́yìnkùlé, ó di ìgbà tí oòrùn bá yọ kí ẹnikẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí wọ́n ṣí i lóṣù kẹrin, gílóòbù inú rẹ̀ ń tàn bàìbàì bí àtùpà tí kẹrosíìnì fẹ́ẹ́ tán nínú ẹ̀. Pọ́ọ̀ǹpù omi ń kùn, kò fa omi. Bùọ̀dá lọ ra bátìrì tuntun, owó gidi, wọ́n gbé e sí i. Ibi tó wà náà ló wà. Ni wọ́n bá pè mí.

"Mo ti fi mítà kàn án o," bùọ̀dá ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mítà tí wọ́n ń sọ ni ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn fóòtì, ìyẹn agbára tó ń ti iná lọ nínú wáyà. "12.6 ló ń kà lórí bátìrì, 12.6 náà ló ń kà lẹ́nu wáyà pọ́ọ̀ǹpù. Iná ń débẹ̀ dáadáa. Pọ́ọ̀ǹpù yìí ló ti kú."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, nígbà tí ẹ fi mítà kàn án, ṣé pọ́ọ̀ǹpù ń ṣiṣẹ́ ni àbí ẹ ti yọ wáyà ẹ̀?"

"Mo yọ ọ́ ni. Ṣé kí iná gbé mi ni?"

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Iná fóòtì 12 kì í gbé èèyàn, ṣùgbọ́n yíyọ tí wọ́n yọ wáyà yẹn ló jẹ́ kí mítà ṣì wọ́n lọ́nà.

Ohun tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní voltage drop ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Èmi máa ń pè é ní fóltéèjì tó ń dà sọ́nà. Bí ọmọdé ṣe ń pọnmi odò bọ̀ wálé tí omi ń ta dànù lórí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni bátìrì ń fi 12.6 ránṣẹ́ tí ohun tó dọ́dọ̀ pọ́ọ̀ǹpù kì í tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀nà iná tí kò ní dà díẹ̀. Ohun tó ń fa wàhálà ni kó dà jù.

Ẹni tó bá gbé Nàìjíríà rí ti bá a pàdé, orúkọ ẹ̀ ni kò mọ̀. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí gbogbo àdúgbò ti tibi iṣẹ́ dé, tí ẹnì kan ń lọṣọ, tí ẹlòmíràn ń se oúnjẹ lórí sítóòfù oníná, fáànù á máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́ débi pé ẹ lè ka apá ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. A ó ní "low current" ni. Tó bá di aago méjì òru tí gbogbo èèyàn ti sùn, fáànù yìí kan náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé aṣọ ìbora lọ lára yín. Wáyà tó ti ọ̀dọ̀ tiransfọ́mà wá kò yí padà, òpó kò yí padà. Iye iná tí àwọn èèyàn ń fà gba orí wáyà náà ló yí padà. Wáyà tó gùn, tó tín-ín-rín, tí wọ́n so ní ìsokúso, ń gba owó ibodè lọ́wọ́ iná tó ń kọjá. Bí iná tó ń kọjá bá ṣe pọ̀ tó ni owó ibodè ṣe ń pọ̀ tó. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kọjá, kò sí owó kankan láti gbà.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ fi iye áńpíà tó ń kọjá sọ ìdènà ojú ọ̀nà di púpọ̀, ohun tí ẹ bá rí ni iye fóòtì tó dà nù. Áńpíà la fi ń wọn iná tó ń kọjá, óòmù la fi ń wọn ìdènà. Ká ní ibì kan ti dípẹtà tó fi ní ìdènà ìdajì óòmù, tí pọ́ọ̀ǹpù sì ń fa áńpíà 4, fóòtì 2 ti lọ níbẹ̀. Sítátà ẹ́ńjìnnì lè fa áńpíà 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀, nítorí náà ìdènà kékeré bí 0.02 óòmù ti tó láti já fóòtì 3 gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orí bátìrì tí kò fún dáadáa fi lè ní kí sítátà máa dún "ta, ta, ta" láìyí, nígbà tí rédíò inú ọkọ̀ kan náà ń kọrin lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é.

Wàyí o, mítà. Mítà dígítà tó wọ́pọ̀ ní ìdènà bíi mílíọ̀nù 10 óòmù nínú ara rẹ̀. Iná tó ń gba inú ẹ̀ kọjá kéré débi pé kò sí ohun tí ibi tó dípẹtà lè rí gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tí bùọ̀dá yọ wáyà pọ́ọ̀ǹpù, mítà nìkan ló kù lójú ọ̀nà, nítorí náà ó rí 12.6 pé pérépéré. Ẹ wo afárá onígi kan tí wọ́n fi dá odò. Ẹlẹ́sẹ̀ á rìn ín kọjá, á sì jẹ́rìí pé afárá wà. Ẹ ṣáà má tìtorí ẹ̀rí yẹn gbé tírélà sìmẹ́ńtì sórí ẹ̀.

Èyí rán mi létí rìwáyà kan tí mo mọ̀ n'Íbàdàn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kò ní mítà. Gílóòbù iná ẹ̀yìn ọkọ̀ kan ló so wáyà méjì mọ́, òun ló ń gbé kiri. Àwa tí a ti lọ sílé ìwé máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé òun ló gbọ́n jù wá lọ. Gílóòbù wáàtì 21 ń fa iná tó fẹ́ẹ́ tó áńpíà 2. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, kò ní tàn dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò nílò ìṣirò kankan. Ẹrù gidi ló ń gbé gba orí afárá. (Tẹ́sítà oní-LED tí wọ́n ń tà báyìí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Iná díẹ̀ ló ń jẹ, irọ́ kan náà tí mítà ń pa lòun náà ń pa.)

Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀yìn ìgbà tí ọkọ̀ ti jókòó ló máa ń ṣẹlẹ̀? Iyọ̀ wà lára ohun tó fà á. Nígbà òtútù ní Ìlú Ọba, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín má bàa dì. Iyọ̀ yẹn á lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀, ọ̀rinrin á bá a níbẹ̀. Níbi tí òrùka wáyà tí wọ́n fi bàbà ṣe bá ti pàdé irin ara ọkọ̀, tí omi oníyọ̀ sì wà láàárín wọn, àwọn méjèèjì á di bátìrì kékeré tó ń jẹ irin níwọ̀n-níwọ̀n, tọ̀sán tòru, fún oṣù mẹ́fà. Ẹsẹ̀ fíúsì àti ẹnu súwíìṣì náà ń dí. Nígbà tí ẹ bá ń lo ọkọ̀, títẹ̀ àti gbígbọ̀n máa ń ha ìdọ̀tí yẹn kúrò. Bó bá jókòó, kò sẹ́ni tó ń ha á. Ẹ má sì gbàgbé eku. Ó máa ń fẹ́ràn ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀. Ó lè gé wáyà jẹ kí ó ku fọ́nrán méjì péré. Fọ́nrán méjì tó fún mítà, kò tó fún ohunkóhun mìíràn.

Ohun mìíràn wà tí kì í jẹ́ kí àwọn èèyàn rí ọgbẹ́ náà. Nínú ọkọ̀, irin ara ọkọ̀ ni iná máa ń gbà padà sọ́dọ̀ bátìrì. Òun là ń pè ní áàtì. Ìdajì ìrìn àjò iná ni, ṣùgbọ́n wáyà pupa nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọpa. Nínú àwọn tí mo ti fojú ara mi rí, áàtì ló máa ń jẹ̀bi jù.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ yọ okùn iná fóòtì 230 tó ń ti ìta wọ ọkọ̀, kí ẹ sì pa ṣájà àti sọ́là. Bí ṣájà bá ń ṣiṣẹ́, mítà á ka nǹkan bí 13.6 sí 14.4, inú yín á dùn, ṣùgbọ́n ṣájà lẹ̀ ń kà, kì í ṣe bátìrì. Ẹ bọ́ òrùka ọwọ́ yín pẹ̀lú. Bí òrùka tàbí sípánà bá so orí bátìrì méjèèjì pọ̀, á pọ́n bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ. Ní ti iná 230 fúnra rẹ̀, bó bá jẹ́ pé apá ibẹ̀ ni ohun tó ń já wà, ẹ pe oníṣẹ́ iná tó níwèé ẹ̀rí. Gbogbo ohun tí mò ń sọ níbí, ti fóòtì 12 ni.

Mo ní kí bùọ̀dá bu omi sí táǹkì, kí wọ́n so wáyà pọ́ọ̀ǹpù padà, kí wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi kí pọ́ọ̀ǹpù máa kùn láìdúró. Kí wọ́n wá tún fi mítà kàn án. Lórí bátìrì, 12.4. Lẹ́nu pọ́ọ̀ǹpù, 9.1.

Wọ́n dákẹ́ lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀.

Ó wá ku ká mọ ibi tí fóòtì 3.3 yẹn dà sí. Ọgbọ́n ibẹ̀ rèé, òun sì ni mo fẹ́ kí ẹ mú nínú gbogbo àlàyé yìí: ẹ lè fi mítà wọn ohun tó dà nù fúnra rẹ̀. Dípò kí ẹ fi ọ̀pá mítà kan sórí rere (+) kí ẹ fi ìkejì sórí òdì (−), ẹ fi méjèèjì sí ìhà kan náà, ọ̀kan níbi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀, èkejì níbi tó parí sí, nígbà tí pọ́ọ̀ǹpù ń ṣiṣẹ́. Láti orí rere bátìrì dé ẹnu rere pọ́ọ̀ǹpù, bùọ̀dá rí 0.2. Ìyẹn kò burú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fa wáyà ọkọ̀ ń gbìyànjú kí ohun tó dà má ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìyẹn bíi 0.36 nínú 12. Láti orí òdì bátìrì dé ẹnu òdì pọ́ọ̀ǹpù, wọ́n rí 3.1.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kàn máa gé ọ̀nà náà sí wẹ́wẹ́ ni. Láti òpó òdì bátìrì sí ìdè tó dì í mú: kò sí nǹkan kan. Láti ìdè sí òrùka wáyà tó wà lábẹ́ ọkọ̀: kékeré. Láti òrùka yẹn sí irin ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gan-an, ibi tí kò ju ìbú ìka kan lọ: 2.9. Áńpíà 4 ló ń kọjá, nítorí náà ìdènà ibẹ̀ lé díẹ̀ ní 0.7 óòmù, ooru tó sì ń jáde níbẹ̀ tó nǹkan bíi wáàtì 12. Mo ní kí wọ́n fọwọ́ kan bóòtù yẹn. "Ó lọ́wọ́ọ́rọ́ o!" Fóltéèjì tó ń dà kì í pòórá, ooru ló ń dà, ìka ọwọ́ sì lè rí i kí mítà tó rí i.

Wọ́n tú bóòtù, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á títí irin fi dán, wọ́n dì í padà, wọ́n fi jẹ́lì pa á lórí kí omi má wọlé. 2.9 di ohun tí mítà fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí. Omi tú jáde.

Ẹ̀yin tí bátìrì yín bá jẹ́ lítíọ́ọ̀mù, ẹ fi èyí sọ́kàn: bí ó bá ṣófo jù, ẹ̀rọ ìdáàbòbò inú ẹ̀ lè ti ilẹ̀kùn pa, mítà á ka òdo bí ẹni pé ó kú, bẹ́ẹ̀ oorun ló ń sùn. Ṣájà tó mọ irú ẹ̀ lè jí i. Ẹ má ṣáà ṣáájì rẹ̀ nígbà tí òtútù bá wà nísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius, ó máa ń bà á jẹ́.

Bátìrì àtijọ́ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ráhùn láti àárọ̀ pé owó tuntun yẹn wọgbó, nígbà tó jẹ́ pé bóòtù lásán ló ń ṣe ọkọ̀. Mo ní kí a yẹ̀ ẹ́ wò ná. Bátìrì olójé ní yàrá 6, yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú fóòtì 2.1 wá, ìdí nìyẹn tí èyí tó kún fi ń ka 12.6 tàbí 12.7. Bó bá wálẹ̀ dé 12.2, bí ìdajì ló kù nínú ẹ̀. Bùọ̀dá ò pa áláàmù ọkọ̀ náà jálẹ̀ ìgbà òtútù. Ká ní 0.05 áńpíà péré ló ń jẹ, ní wákàtí 24 ìyẹn jẹ́ áńpíà-wákàtí 1.2, bátìrì áńpíà-wákàtí 90 á tán láàárín ọjọ́ 75. Oṣù kẹwàá sí oṣù kẹrin ju ọjọ́ 75 lọ fíìfíì. Bí bátìrì bá wá wà lófìfo, ohun funfun tó hù sára òjé inú ẹ̀ á le gbagidi, ṣájà kò sì ní lè tú u mọ́. Ìdènà á wọ inú ikùn bátìrì fúnra rẹ̀, fóltéèjì á máa dà nù kó tó jáde síta rárá.

Wọ́n ti ṣáájì í mọ́jú, ó sì ń ka 12.6 bí ọ̀dọ́. A so gílóòbù iná iwájú ọkọ̀ méjì mọ́ ọn, wáàtì 55 ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ bí áńpíà 9. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ó ti já sí 10.3.

Àwọn méjèèjì ló ti bàjẹ́ pọ̀, bóòtù àti bátìrì. Bùọ̀dá ní kí n má tíì gbé fóònù sílẹ̀, kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ bátìrì yẹn sọ kí ìyàwó wọn gbọ́.