Àmójútó ooru nínú dáyóòdù lésà kékeré

Àmójútó ooru ni ọ̀nà tí a ń gbà fa ooru kúrò lára dáyóòdù lésà, ègé ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ iná mànàmáná di ìmọ́lẹ̀ lésà, kí ó má baà bà á jẹ́. Lọ́wọ́ àwọn tó ń to ẹ̀rọ fún ìgbafẹ́, dáyóòdù pupa 650 nm (nm ni ìwọ̀n ìgbì tó ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 5 mW (mW ni ìwọ̀n agbára) ló wọ́pọ̀. Òmíràn ni èyí tí wọ́n tú lára ẹ̀rọ tó ń kọ DVD, tó lè tó 200 mW, tó sì lè fọ́ni lójú bí a kò bá wọ awò tó bá àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mu.

Ìtàn

Dáyóòdù lésà tí onímọ̀ físíìsì Robert Hall ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1962 kò ṣiṣẹ́ àfi nínú òtútù náítírójìn olómi. Ọdún 1970 ni irú rẹ̀ tó tàn láìdáwọ́dúró nínú yàrá lásán.

Bí ooru ṣe ń pa á

Dáyóòdù DVD tó ń gba iná 250 mA ní fọ́ltì tó tó nǹkan bíi 2.8 V ń jẹ 700 mW. Bí 200 mW bá jáde bí ìmọ́lẹ̀, 500 mW yòókù di ooru nínú ègé kan tí kò tó hóró ìrẹsì. Bó ṣe ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ni iná tó nílò láti tan bákan náà ń pọ̀ sí i. Ti pupa burú ju ti búlúù lọ. Bọ́ọ̀dù tó ń ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ á fi iná kún un, ooru á tún pọ̀, títí ojú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde yóò fi jóná. Lẹ́yìn náà, yóò kàn máa tàn bàìbàì bí LED lásán, ìyẹn iná kékeré tí kì í ṣe lésà. Bátìrì tí a so mọ́ ọn tààrà léwu bákan náà, torí fọ́ltì dáyóòdù ń lọ sílẹ̀ bó bá gbóná, iná tó ń gbà á sì ń pọ̀.

Ọ̀nà àbájáde ooru

Ìdí agolo irin kékeré tó bo dáyóòdù ni ooru ń gbà jáde, kì í ṣe orí rẹ̀ tí gíláàsì wà. Nítorí náà, etí ìdí yìí la ń tẹ̀ wọ inú ilé idẹ tàbí bàbà. Ẹni tó bá tẹ orí rẹ̀ á fọ́ gíláàsì. A ó fi thermal paste, ọ̀rá tó ń gbé ooru kọjá, sára ilé náà fẹ́ẹ́rẹ́, ká tó tì í bọ inú alumíníọ̀mù. Bí ọwọ́ kò bá lè dúró lára irin náà fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ó ti gbóná jù. Ilé ike kò gbé ooru, èéfín súpà gúlúù sì máa ń bo gíláàsì. Bí a bá ń jó lẹ́ẹ̀dì sí ẹsẹ̀ dáyóòdù, kó má ju ìṣẹ́jú àáyá 3 lọ.

LM317

LM317 ni ègé ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso iná; òun pẹ̀lú rẹsítọ̀ (ohun tó ń dín iná kù) 10 Ω méjì tí a so ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn ń fúnni ní 250 mA tí kì í yí. Lórí bátìrì 7.4 V, LM317 fúnra rẹ̀ ń mú ooru tó tó 840 mW jáde, ó ju ti dáyóòdù lọ. Kò yẹ kí wọ́n jọ wà lára irin kan náà. Ẹ̀yìn irin LM317 so mọ́ ẹsẹ̀ tí iná ń gbà jáde, agolo dáyóòdù sì sábà máa ń so mọ́ ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ tirẹ̀. Bí irin bá so wọ́n pọ̀, iná lè fo rẹsítọ̀ náà kọjá, kí dáyóòdù sì jóná lẹ́ẹ̀kan náà.