Kí Ìwé Ìtàn Tó Dé Ọ̀dọ̀ Atẹ̀wé

Ní Ilé-Ifẹ̀ tí yunifásítì wà, ẹni tó máa bá èèyàn tẹ̀wé kò wọ́n. Ẹni tó wọ́n ni ẹni tó máa ka ìtàn àròsọ kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, tó sì máa sọ ojú ewé tí oorun ti gbé e lọ láìfi bò.

Ìsinmi ló ń ṣáájú. Òǹkọ̀wé tó parí iṣẹ́ lánàá kò lè rí àṣìṣe rẹ̀ lónìí, torí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló ń kà, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé. Kó tì í sí kọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Tó bá padà dé, kó kà á tán láìmú bírò dání.

Ohun ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ ń tún ṣe: àhunpọ̀ ìtàn, ẹ̀dá ìtàn, ẹni tó ń sọ ìtàn. Orí tí kò wúlò, kí wọ́n yọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó to àmì ohùn sí i. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ẹ̀yìn èyí ṣe iwájú. Wọ́n á fi odidi oṣù kan kun ògiri tí wọ́n máa padà wó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ ń dé ọwọ́ àwọn òǹkàwé àkọ́kọ́. Ẹni mẹ́ta sí márùn-ún ti tó. Wọn kì í ṣe olóòtú, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí wọ́n tún gbólóhùn kan ṣe. Kí wọ́n ka ìwé bí ẹni tó fowó rà á, kí wọ́n sì ròyìn ohun tójú wọn rí, ó parí. Ìyá ẹni kò sí lára wọn. “Ó dára, ọmọ mi, Ọlọ́run á gbé e ga” kò tún orí ìwé kankan ṣe rí.

Ká ní ìtàn òṣómàáló kan láti Iléṣà ni, ọ̀kan lára àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Ìtàn bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ọmọ rẹ̀ sì lọ kàwé ní Ifẹ̀. Irú ìwé yìí fẹ́ ẹni tó ń ka ìtàn déédéé, ẹni tí Ìjẹ̀ṣà dá lẹ́nu rẹ̀, àti àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ tó ìgbà náà. Àgbà yẹn ló máa sọ pé bàbá òṣómàáló ò lè máa ka náírà ní 1970, pọ́n-ùn àti ṣílè là ń ná títí náírà fi dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973. Ọkọ̀ tó gba apá ọ̀tún ní 1971 ńkọ́? Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò lápá òsì. Bí ọmọ náà bá wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1979, ó ti ṣáájú orúkọ náà débẹ̀, torí Yunifásítì Ifẹ̀ ló ń jẹ́ títí di 1987. Ará Ifẹ̀ tó bá wà níbẹ̀ á sì béèrè ohun tí adé Àrè ń wá lórí Ọọ̀ni níbi ìgbéyàwó, nígbà tó jẹ́ pé ọdún Ọlọ́jọ́ ni wọ́n fi ń dé e.

Bí a ṣe béèrè ló ń pinnu ohun tí a máa gbọ́. “Ṣé ó dùn?” kò lè bí nǹkan kan ju “ó dùn” lọ. “Níbo lẹ ti gbé ìwé sílẹ̀ lọ jẹun?” sàn jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni “Ta lẹ gbàgbé ẹni tó jẹ́?” Bí ẹnì kan bá ráhùn, ó lè jẹ́ ìfẹ́ inú rẹ̀, bí ẹni mẹ́ta bá kọsẹ̀ lójú kan náà, òkúta wà níbẹ̀. Àmọ́ kí òǹkọ̀wé gba àìsàn tí wọ́n sọ, kó fojú ṣọ́ oògùn tí wọ́n kọ. Òǹkàwé tó ní kí wọ́n pa ìyàwó òṣómàáló, ohun tó ń sọ gan-an lè jẹ́ pé obìnrin náà kò rí nǹkan ṣe láti orí kejì.

Ìgbà yìí ni gbólóhùn ń kàn. Ẹ wo èyí:

“Ìyá Fọlá bínú gidigidi. Inú rẹ̀ ru nítorí pé ọmọ rẹ̀ pẹ́ kó tó dé. ‘Fọlá, níbo lo ti ń bọ̀?’ ni ó fi ìbínú béèrè.”

Ìbínú wọlé lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ohun tí ojú rí. Lẹ́yìn àtúnṣe:

“Ìyá Fọlá kò jẹ́ ‘Ẹ kú alẹ́.’ Ó ṣí ìkòkò ọbẹ̀ tó ti tutù, ó tún dé e. ‘Ilé ta lo ti jẹun?’”

Kíka ìwé sókè ló ń tú irú àṣírí yìí. Etí Yorùbá kì í gba ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò lè sọ.

Àkọtọ́ ló kẹ́yìn. Ọ̀nà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1974 ni kí ìwé tẹ̀ lé: “ayé” dípò “aiye”, “yóò” dípò “yio”, “wọ́n” dípò “nwọn”. Ẹ̀dá ìtàn lè sọ Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ ní Iléṣà. Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán: “ọkọ̀ Àṣàkẹ́ bàjẹ́” ń wá mẹkáníìkì, “ọkọ Àṣàkẹ́ bàjẹ́” ń pe ìpàdé ẹbí. Kọ̀ǹpútà tún ní wàhálà tirẹ̀. Ẹlòmíì á fi àmì lé orí “ọ”, ẹlòmíì á fi àmì ìsàlẹ̀ sí abẹ́ “ó”. Lójú èèyàn, “ọ́” kan náà ni, àmọ́ ó lè jẹ́ méjì lójú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ní kí ẹ̀rọ wá ọ̀rọ̀ kan kó pààrọ̀ rẹ̀ lè pààrọ̀ ìdajì, kó fi ìdajì sílẹ̀ láìmọ̀.

Bí fóǹtì atẹ̀wé bá sì yàtọ̀, àmì lè bọ́ tàbí kó di àpótí òfìfo. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, kí òǹkọ̀wé kà á pátá, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èèpo ìwé, níbi tí orúkọ òun fúnra rẹ̀ wà.