Kọ́kọ́rọ́ SSH kì í kúrò nílé

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà ni pé, nígbà tí wọ́n bá fi SSH wọ kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn, ṣe ni kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ wọn ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ bá sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọ̀hún, tí sáfà á yẹ̀ ẹ́ wò, tí á sì ṣílẹ̀kùn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ kì í jáde nínú kọ̀ǹpútà tó wà, kódà fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Àṣìgbọ́ yìí ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ìwàkuwà tí wọ́n ń hù sí kọ́kọ́rọ́ náà: wọ́n á fi ránṣẹ́ nínú ímeèlì, wọ́n á dà á kọ sórí sáfà mẹ́ta mẹ́rin kó lè rọrùn, torí lójú tiwọn, ohun tó ń rìnrìn àjò lójoojúmọ́ kì í ṣe ohun àfipamọ́ mọ́.

Ṣíṣe kọ́kọ́rọ́ náà kò le. Àṣẹ ssh-keygen á mú fáìlì méjì jáde, id_ed25519 àti id_ed25519.pub. Èyí tí kò ní .pub ni kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀. Èyí tó ní .pub ni kọ́kọ́rọ́ gbangba, òun la ń kọ sínú fáìlì authorized_keys lórí sáfà. Ó tán. Ibi tí adùn wà ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tí a tẹ Enter àti ìgbà tí sáfà dáhùn.

Kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ kọ́kọ́rọ́, kọ̀ǹpútà méjèèjì á kọ́kọ́ jọ ṣètò àṣírí kan tí àwọn méjì nìkan mọ̀, ìyẹn ni wọ́n á sì fi bo ọ̀rọ̀ wọn lójú aráyé. Inú ètò yìí ni nọ́ńbà gígùn kan ti ń jáde, nọ́ńbà ìpàdé náà. Àwọn méjèèjì ló ń ṣírò rẹ̀, kò sí èyí tó lè dá a yàn, nọ́ńbà ìpàdé òní kò sì ní bá tọ̀la dọ́gba. Ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà ẹni á wá sọ pé lágbájá ló fẹ́ wọlé, kọ́kọ́rọ́ gbangba rẹ̀ rèé. Á mú nọ́ńbà ìpàdé, á fi orúkọ lágbájá àti kọ́kọ́rọ́ gbangba kún un, á sì fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ buwọ́ lù ú. Ìbuwọ́lùwé yẹn ló ń lọ. Bí kọ́kọ́rọ́ gbangba náà bá wà nínú authorized_keys, sáfà á fi í yẹ ìbuwọ́lùwé wò. RFC 4252, ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì tó jáde ní 2006, ló to ètò ìbuwọ́lùwé yìí lẹ́sẹẹsẹ.

Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò kéré. Ká ní sáfà ayédèrú lèèyàn pàdé, ìbuwọ́lùwé tó bọ́ sí i lọ́wọ́ kò wúlò fún un níbòmíràn, torí nọ́ńbà ìpàdé inú rẹ̀ kò ní bá ti sáfà gidi mu. Pásíwọ́ọ̀dù kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ti ní in. Àwọn kan tó ta etí sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì kan ní Finland, tí wọ́n ń kó pásíwọ́ọ̀dù, ló mú kí Tatu Ylönen tó wà níbẹ̀ kọ SSH ní 1995.

Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ lóye kọ́kọ́rọ́ yìí, kó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ilé. Ọwọ́ tó ń buwọ́ lùwé ló jọ. Ìwé ló ń lọ tó ń bọ̀, ọwọ́ kò kúrò lára ẹni tó ni ín. Ẹni tó bá da fáìlì náà kọ sórí sáfà ti ṣe ẹ̀dà ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀ sílé onílé.

Gbólóhùn aṣínà tí ssh-keygen ń béèrè nígbà tí a bá ń ṣe kọ́kọ́rọ́ náà ní àṣìgbọ́ tirẹ̀. Sáfà kò mọ̀ ọ́n, kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó wà. Fáìlì inú kọ̀ǹpútà ẹni nìkan ló ń tì pa. Àṣẹ ssh-keygen -p lè yí i padà nígbàkigbà, kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ kò sì ní yí padà. Àmọ́ bí olè bá ti gbé ẹ̀dà fáìlì náà lọ, yíyí gbólóhùn padà lẹ́yìn náà kò kan olè: gbólóhùn àtijọ́ ló ṣì ń ṣí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Títẹ gbólóhùn gígùn ní gbogbo ìgbà ń súni, ibẹ̀ sì ni ssh-agent, ètò kékeré tó ń bá wa di kọ́kọ́rọ́ mú, ti wọlé, òun gan-an ló dára jù nínú ètò yìí. ssh-add á gba gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kan, á ṣí kọ́kọ́rọ́, á sì gbé e lé agent lọ́wọ́ nínú ìrántí kọ̀ǹpútà. Látìgbà náà, tí ssh bá nílò ìbuwọ́lùwé, á ti ìwé gba ojú ihò kan, ihò tí SSH_AUTH_SOCK ń tọ́ka sí. Agent á buwọ́ lù ú, á sì tì í padà síta. Nínú èdè tí àwọn méjèèjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, ssh lè ní kí agent ka àwọn kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè ní kó buwọ́ lu nǹkan. Kò sí àṣẹ tó ń sọ pé kó gbé kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ wá. Ẹni tó bá fẹ́ kí agent gbàgbé kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn wákàtí kan lè lo ssh-add -t 1h.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni ssh -A. Ó ń na ihò yẹn dé orí sáfà, kí èèyàn lè ti ibẹ̀ wọ sáfà mìíràn. Ẹni tó bá ní agbára root, ìyẹn agbára ọ̀gá pátápátá, níbẹ̀ lè ti ìwé tirẹ̀ gba ojú ihò kan náà. Kò lè jí ọwọ́ gbé, àmọ́ níwọ̀n ìgbà tí ìsopọ̀ náà kò bá tíì já, ohun tó bá gbé wá ni ọwọ́ á buwọ́ lù, àyàfi tí a bá ti fi ssh-add -c sọ fún agent pé kó máa béèrè lọ́wọ́ wa ná. ssh -J ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìsí ewu yìí: ìsopọ̀ kàn ń gba inú sáfà àárín kọjá ni, ilé ni ìbuwọ́lùwé ti ń wáyé. Láti 2016 ló ti wà nínú OpenSSH, ètò SSH tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ń lò. Kò sí ìdí gúnmọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ tuntun ní -A mọ́.

Kọ́kọ́rọ́ tó pọ̀ jù lọ́wọ́ agent náà ní wàhálà rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ssh ń fi wọ́n han sáfà, sáfà sì ń kà. Iye ìgbìyànjú tó ń gbà bí a kò bá yí i padà ni 6. Bó bá jẹ́ ìkeje ló tọ̀nà, ó ti pẹ́ jù. Ìlà IdentitiesOnly yes nínú ~/.ssh/config, pẹ̀lú IdentityFile tó dárúkọ fáìlì gan-an, ló ń yanjú rẹ̀.

authorized_keys ni ibi tí ètò yìí ti kù díẹ̀ káàtó. Lápútọ́ọ̀pù lè sọnù, ẹni tó ni ín lè ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìlà rẹ̀ ṣì ń ṣílẹ̀kùn. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ kọ̀ǹpútà náà tí a fi ssh-keygen -C kọ sí ìparí ìlà: bí ọ̀kan bá sọnù, ìlà kan péré la ó pa rẹ́, àwọn yòókù kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Láti OpenSSH 7.7 ní 2018, èèyàn tún lè kọ expiry-time="20271231" ṣáájú ìlà kan, kí sáfà fúnra rẹ̀ má gba kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ yẹn. Bó ṣe yẹ kí gbogbo ìlà máa bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kó jẹ́ pé ẹni tí kò fẹ́ ọjọ́ ìparí ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́ kúrò.