Bí wọ́n ṣe ń mú kí ẹja àrọ̀ bímọ lẹ́yìnkùlé

Abo ẹja àrọ̀ lè wà nínú táǹkì sìmẹ́ńtì fún ọdún kan gbáko, kí ẹyin kún ikùn rẹ̀ bámúbámú, kó má sì yé ẹyọ kan. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ kò yá. Òjò ni kò rí. Lódò, nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, tí Odò Ọ̀bà kún kọjá bèbè, tí omi sì bo koríko, àrọ̀ á kúrò níbú, á wá sí etí omi tí kò jìn. Takọtabo á lọ́ mọ́ra wọn lóru, ẹyin á lẹ̀ mọ́ koríko, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Wọn kì í tọ́mọ. Nínú táǹkì, omi kì í kún àkúnya, koríko kò sì sí. Ẹyin á dúró síkùn títí ara ẹja yóò fi fà á padà.

Ohun tí àwọn tó ń ṣe ọmọ ẹja tà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń ṣe, ìbáà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó kọ́ ọ ní kíláàsì tàbí ìyá tó kọ́ ọ lọ́wọ́ aládùúgbò, ni pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ purọ́ fún ẹja pé òjò ti dé.

Ẹṣẹ́ (gland) kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ ẹja. Bí ìgbà bá yí padà, òun ló ń da họ́móònù sínú ẹ̀jẹ̀, tí ẹyin fi ń gbó tán tí yóò sì tú sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á pa àgbà ẹja kan, wọ́n á la orí rẹ̀, wọ́n á yọ ẹṣẹ́ náà, wọ́n á lọ̀ ọ́ mọ́ omi dírípù, wọ́n á sì gún un fún abo. Àwọn kan ṣì ń ṣe é. Owó rẹ̀ kéré, àmọ́ agbára ẹṣẹ́ ẹja kan kì í bá ti èkejì dọ́gba, ìyẹn ló fi jẹ́ pé Ovaprim, oògùn họ́móònù tí wọ́n ń rà, ló wọ́pọ̀ báyìí: 0.5 mílílítà fún kílò kan abo. Ẹran ẹ̀yìn ni wọ́n ń gún, ní ìdàgẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì fi ìka ra ojú ibẹ̀ kí oògùn má baà ṣàn jáde.

Kì í ṣe gbogbo abo la ń gún. Ó yẹ kó ti tó kílò kan, kí ojú ìdí rẹ̀ pọ́n díẹ̀, kí ẹyin tí kò tóbi ju ara wọn lọ sì jáde bí wọ́n bá rọra tẹ ikùn rẹ̀. Akọ ní ohun ṣóńṣó kan nídìí tí abo kò ní. Wọn kì í fún wọn lóúnjẹ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ìgbẹ́ má baà dà pọ̀ mọ́ ẹyin. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n á kó wọn sí, wọn á sì fi nǹkan wúwo bo abọ́ náà, torí àrọ̀ máa ń fò jáde.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, aago ló kù, omi ló sì ń darí aago náà. Bí omi bá wà ní 25°C, ó tó wákàtí 11 kí ẹyin tó ṣe tán. Bó bá wà ní 30°C, bíi wákàtí 7 péré ni. Ọ̀pọ̀ máa ń gún un lálẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ sí àárọ̀ kùtù. Nígbà ọyẹ́ ni aago yìí ń da àwọn tí kò ní tẹmọ́mítà láàmú: omi ti tutù, wọ́n tún ń ka wákàtí ìgbà òjò, wọ́n á tẹ ẹja tí kò tíì ṣe tán, ẹ̀jẹ̀ á bá ẹyin jáde. Ká pẹ́ jù tún burú jù ú lọ. Ẹyin tó ti gbó kọjá á tú jáde wọ̀ọ̀, á dára lójú, kò sì ní pa.

Ẹni méjì ló ń tẹ ẹja. Ọ̀kan á fi táwẹ̀lì gbá orí àti ìrù rẹ̀ mú. Èkejì á nu ikùn gbẹ, á wá fi àtàǹpàkò tì láti àyà lọ sí ìdí, jẹ́jẹ́, ẹyin á máa ṣàn sínú abọ́ gbígbẹ. Gbígbẹ yìí kì í ṣe ti ìmọ́tótó. Àtọ̀ ẹja ń sùn ni. Omi ló ń jí i, tó bá sì ti jí, kò lò ju bí ìṣẹ́jú kan lọ kó tó kú. Ojú tí àtọ̀ ń gbà wọ ẹyin pàápàá ń dí ní kété tí omi bá kàn án. Ẹ̀kán omi kan láti ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lè ba apá kan ẹyin jẹ́ kí àtọ̀ tó dé.

Akọ àrọ̀ kì í ṣe é tẹ̀. Wọ́n á pa á, wọ́n á yọ àpò àtọ̀ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́ sínú omi dírípù. Iyọ̀ inú dírípù kò jẹ́ kó jí. (Ẹran akọ náà kò ṣòfò, ọbẹ̀ ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni.) Wọ́n á da àtọ̀ sórí ẹyin, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ rò ó pọ̀, ìgbà yẹn ni omi tó wọlé. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sórí nẹ́ẹ̀tì, torí ẹyin á ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀. Gíráàmù kan ẹyin tó bíi 600 sí 700, nítorí náà abo kan ṣoṣo lè mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà púpọ̀ wá.

Inú omi tó ń ṣàn jẹ́jẹ́ ni nẹ́ẹ̀tì ń wà, níbi tó ṣókùnkùn. Omi ẹ̀rọ ní kílórínì, tó lè pa ọmọ ẹja. Omi bọhóòlù kì í sábà ní ọ́síjìn tó bó ṣe ń ti ilẹ̀ bọ̀. Wọ́n á fà á sókè sínú táǹkì lórí ilé, kó sùn níbẹ̀ mọ́jú, kó tó máa sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ètò yìí sàn ju ẹ̀rọ tó ń wo ojú NẸ́PÀ lọ. Ní 28°C, ẹyin á pa láàárín bí ọjọ́ kan. Ọmọ á já bọ́ sísàlẹ̀, ẹyin tó kú á funfun lórí nẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yọ nẹ́ẹ̀tì náà kíá kó tó rà.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, oúnjẹ inú ara ọmọ tó o. Lẹ́yìn náà ni ikú ńlá ń bẹ̀rẹ̀, bí wọn kò bá rí oúnjẹ tó bá ẹnu wọn mu. Artemia ni wọ́n nílò, kòkòrò omi iyọ̀ tí ẹyin gbígbẹ rẹ̀ ń wá nínú agolo, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti adágún oníyọ̀ kan ní Utah, Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe rí ìgò tí wọ́n dojú rẹ̀ kọlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ibi tí òkun jìnnà sí, tí afẹ́fẹ́ ń ru omi iyọ̀ inú rẹ̀ kí ẹyin Artemia lè pa: bíi gíráàmù 30 iyọ̀ fún lítà kan, afẹ́fẹ́, iná, wákàtí 24. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á bù ú fún ọmọ ẹja nígbà púpọ̀ lóòjọ́. Ẹni tó bá fi pupa ẹyin adìẹ rọ́pò rẹ̀ torí owó, omi rẹ̀ á bàjẹ́ kó tó di ọjọ́ kejì.

Láti ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn kan á yára ju ìyókù lọ. Ṣútà ni wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n sì ń gbé àbúrò wọn mì láti ìrù. Abọ́ tí wọ́n lu ihò sí ni wọ́n fi ń ṣà wọ́n, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, wọ́n ti tó tà: wọn kì í fún wọn lóúnjẹ lọ́jọ́ ìrìnàjò, àárọ̀ ni wọ́n sì ń gbé wọn, nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé orí rẹ̀, kí oòrùn tó mú.