Walleye, oṣù kẹrin, àti ìṣirò ẹyin tí kò pé

Ọdọọdún ni mo ń gbọ́ ọ. Bí oṣù kejì bá ti ń parí lọ ní Minnesota, ìpínlẹ̀ kan ní àríwá Amẹ́ríkà, tí àwa tí a máa ń jókòó ti ihò orí yìnyín bá ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń pẹja á bojú wo adágún tìfẹ́tìfẹ́, á ní: "Àbúrò, jẹ́ ká fún wọn láyè kí wọ́n yé ẹyin. Òfin tó ní ká má pa walleye nígbà ẹyin yìí ni kò jẹ́ kí ó tán níhìn-ín." Mo máa ń dákẹ́, torí pé àgbà ni. Ṣùgbọ́n dídákẹ́ ọdọọdún ti sú mi.

Fún ẹni tí kò rí walleye rí: ẹja omi tútù ni. Bí iná bá tàn sí ojú rẹ̀ lóru, á máa dán bí ojú ológbò. Ẹran rẹ̀ funfun, kò kún fún eegun wẹ́wẹ́ bíi ti ṣáwá, ó sì dùn ní díndín. Láti 1965 ni Minnesota ti fi òfin sọ ọ́ di ẹja ìpínlẹ̀ wọn. Lójú omi tó pọ̀ jù lọ níbẹ̀, èèwọ̀ ni láti pa á láti òpin oṣù kejì títí di Saturday kan láàárín oṣù karùn-ún. Láàárín ìgbà yẹn náà ni yìnyín ń yọ́, tí omi á gbóná díẹ̀ dé ìwọ̀n 6 sí 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí walleye á sì wá sí etí omi lóru láti da ẹyin sórí òkúta wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá to kàlẹ́ńdà méjèèjì ti ara wọn á ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò tíì parí. Ní North Dakota àti South Dakota tó múlé gbè wọ́n, ọdún yípo ni wọ́n ń pa walleye, ẹja ò sì tán ní adágún Sakakawea tàbí Oahe. Ní apá ìpínlẹ̀ Ohio ti adágún ńlá Erie, bákan náà ni: nínú oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló máa ń wọ ṣòkòtò rọ́bà wọnú odò Maumee, níbi tí ẹja ti ń wá yé ẹyin gan-an, Erie sì wà lára ibi tí walleye pọ̀ sí jù lọ láyé. Èyí tó tún máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Minnesota fúnra rẹ̀, tó ti Mille Lacs, adágún ńlá kan níbẹ̀, pa, kò ti odò Mississippi nísàlẹ̀ ìsédò Red Wing pa. Àwọn èèyàn ń pẹja níbẹ̀ lóṣù kẹrin, ní ẹnu ààlà pẹ̀lú Wisconsin, láì rú òfin kankan.

Tí mo bá sọ èyí tán, ẹ̀gbọ́n mi á wá mú ìṣirò rẹ̀ jáde, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ìṣirò náà rèé. Abo walleye máa ń ní nǹkan bí ẹyin 25,000 sí 30,000 fún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tó bá wọ̀n. Èyí jóòótọ́. Abo tó wọn pọ́n-ùn mẹ́rin á wá ní ẹyin 100,000 nínú. Èyí náà jóòótọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá pa á lóṣù kẹrin ti pa walleye 100,000. Níbi tí mo ti ń sọ pé rárá nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé abo yìí yé ẹyin nígbà márùn-ún kó tó kú, ó di 500,000. Akọ kan ló bá a ṣe é, ìyẹn òbí méjì. Tí adágún bá ní láti ní iye walleye tó ní lánàá, kò ju bíi méjì nínú 500,000 yẹn tó gbọ́dọ̀ yè kó sì dàgbà débi tí òun náà á ti yé ẹyin. Méjì! Tó bá jẹ́ mẹ́wàá ló ń yè, láàárín ọdún díẹ̀ a ò ní rí omi mọ́, ẹja nìkan la óò máa rí. Gbogbo ìyókù ni perch, ẹja mìíràn, ń jẹ, ni ìjì ń gbá sétí omi, ni òtútù ń pa, ni ebi ń pa nígbà tí oúnjẹ inú àpò ẹyin bá tán lára ọmọ ẹja tí kò gùn tó èékánná. Nítorí náà, ohun tí ìwọ̀ wa mú kúrò nínú omi kì í ṣe 100,000. Ẹja kan ni, pẹ̀lú ìpín tirẹ̀ nínú tẹ́tẹ́ kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó ta á ló ń pàdánù.

Ẹni tó bá ti pa ẹyin àrọ̀ rí ní Ìbàdàn tàbí Ìkòròdú kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí i. Ìyá àrọ̀ kan á fún ẹ ní ẹgbẹẹgbàárùn-ún ẹyin, o sì ń bomi sí i, o ń bọ́ ọ, o ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Síbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, shooter mélòó kan, àwọn tó yára dàgbà ju ìyókù lọ, ti gbé àwọn ẹgbẹ́ wọn mì, iye tó kù nínú táǹkì kò jọ iye tí o kà. Inú táǹkì nìyẹn o, tí ìwọ fúnra rẹ ń ṣe ọlọ́run wọn. Walleye kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Bó bá ti da ẹyin sílẹ̀ báyìí, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Kò dà bí epìyà inú ọ̀sà Èkó, tí akọ rẹ̀ ń kó ẹyin sẹ́nu títí wọ́n á fi pa. Epìyà yẹn ò lẹ́yin púpọ̀, àmọ́ bí èèyàn bá pa á nígbà yẹn, gbogbo ẹrù ẹnu rẹ̀ ló bá a lọ. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹyin jà, epìyà ni kó lọ gbèjà. Tàbí ẹja bass, tí akọ rẹ̀ ń dúró ti ìtẹ́: fà á kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, ẹja bluegill á ti wọlé wá jẹ ẹyin. Àwọn tó gbọ́ ìtàn bass ni wọ́n gbé e wọ walleye lọ́rùn, ẹ̀wù náà kò sì bá a mu.

Ẹ jẹ́ kí n tún tẹ ibẹ̀ díẹ̀ sí i, torí ibẹ̀ ni wọn kì í fẹ́ dúró sí. Abo tí a pa lóṣù kẹrin kò ní yé ẹyin lọ́dún yẹn. A gbà. Èyí tí a pa lóṣù kìíní láti inú ihò yìnyín ńkọ́? Ẹyin ti wà nínú òun náà ní gbogbo ìgbà yẹn. Èyí tí a dín lóṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá ńkọ́, ṣé òun dìde nínú àwo lọ yé ẹyin lóṣù kẹrin ni? Òkú òkú ni. Ẹyin tí kò yé kò mọ̀ bóyá ọjọ́ kan ló kù tàbí oṣù mẹ́wàá. Ohun tó ṣe pàtàkì fún adágún ni iye àgbà ẹja tó kú láàárín ọdún kan, kì í ṣe oṣù tí wọ́n kú. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń kí wọn pé ó dàbọ̀ lóṣù kejì, òun náà ló máa ń wà lójú omi kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ Saturday tí wọ́n bá ṣí i, tí ẹja ò tíì jìnnà sí etí omi, tí ebi sì ń pa wọ́n. Òun náà ló sì ń bínú sí òfin tó ní ẹyọ kan péré ló lè mú nínú èyí tó gùn ju 20 ínǹṣì lọ. Òfin yẹn ló ń dá abo ńlá sí. Kò fẹ́ràn ìyẹn.

Nǹkan tó ń pinnu bóyá ọdún kan á lọ́mọ tàbí kò ní lọ́mọ, ojú ọjọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí àgbà ẹja bá ṣì wà. Ní Erie, ọmọ 2003 pọ̀ lápọ̀jù. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ọdún tó sún mọ́ ọn títí di 2015, 2018 náà sì tún lọ́mọ gan-an. Kì í ṣe pé wọ́n ti odò pa lọ́dún 2003 kí wọ́n tó ṣí i lọ́dún 2004. Mille Lacs wá jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Àkókò èèwọ̀ wà níbẹ̀ lódindi, síbẹ̀ walleye fà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi ti walleye pípa níbẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 2015, nígbà tí wọ́n ti pa ju iye tí wọ́n gbà láàyè lọ. Ẹyin ń pa níbẹ̀, ọmọ sì ń jáde. Kí wọ́n tó di àgbà ni wọ́n ń pòórá, nínú omi tí zebra mussel, ìṣáwùrú kéékèèké tó ń sẹ́ omi, ti sọ di mímọ́ gaara. Kí ni òfin oṣù kẹrin fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Ẹ tún wo ibi tí ẹja ti padà wá lóòótọ́. Erie bà jẹ́ púpọ̀ ní nǹkan bí 1970, débi pé wọ́n dá ẹja títà dúró nítorí mercury, èròjà olóró kan; lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún omi ṣe, tí wọ́n sì fi ìwọ̀n sí iye walleye tí gbogbo wọn lè pa lọ́dún láti 1976, ó gbéra padà. Ní Red Lake, adágún kan ní Minnesota, walleye tán nítorí àwọ̀n. Ẹ̀yà Ojibwe, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dá àwọ̀n dúró ní 1997, ìpínlẹ̀ náà dá ìwọ̀ dúró ní 1999, wọ́n da ọmọ ẹja sínú rẹ̀ ní 1999, 2001 àti 2003, wọ́n sì ṣí i ní 2006. Ọdún gbáko lọ́nà ọdún gbáko ni wọ́n tì í, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà ẹyin.

Ìgbàgbọ́ yìí kì í sì í ṣe eré lásán níbi gbogbo. Nígbà tí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ gbà ní 1983 pé ẹ̀tọ́ àwọn Ojibwe láti ṣọdẹ kí wọ́n sì pẹja ní àríwá Wisconsin kò tíì kú, wọ́n padà sí ọ̀kọ̀ ẹja lóru ìgbà ẹyin, bí àwọn bàbá ńlá wọn ti ń ṣe. Àwọn aláwọ̀ funfun kóra jọ sétí omi, wọ́n ń sọ̀kò, wọ́n ń búni, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì ni pé wọ́n ń pa ìyá ẹja lórí ẹyin. Bẹ́ẹ̀ rèé, akọ ló pọ̀ jù nínú èyí tí ọ̀kọ̀ ń mú, torí akọ ló ń pẹ́ lórí òkúta níbẹ̀. Abo ń wá, ó ń dà á sílẹ̀, ó ń lọ. Wọ́n sì ń ka gbogbo ẹja náà létí omi, wọ́n ń wọn gígùn rẹ̀, wọ́n ń kọ akọ tàbí abo sílẹ̀. Èmi tí mo ń fi ìwọ̀ pẹja, kò sẹ́ni tó ka tèmi rí. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti àwọn ẹ̀yà náà jọ ṣe jáde ní 1991: ọ̀kọ̀ kò tíì ba ẹja adágún wọ̀nyẹn jẹ́.

Ǹjẹ́ mo ń sọ pé àkókò èèwọ̀ ò wúlò rárá ni? Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ní odò kékeré tàbí adágún tóóró, tí ẹja á kóra jọ síbi omi tí kò kọjá orúnkún, ẹni mẹ́wàá lè kó nínú ọ̀sẹ̀ kan ohun tí kò yẹ kí wọ́n kó lọ́dún kan. Títi irú ibẹ̀ pa bọ́gbọ́n mu, torí ó ń dín iye òkú kù. Níbi tí àgbà ẹja ti ṣẹ́ kù díẹ̀ gan-an, ẹyin ọdún kan náà ní ìtumọ̀. Àti níbi tí kò sí ẹni tó lè ṣọ́ iye tí oníkálùkù ń mú, ó rọrùn láti mọ̀ pé adágún ti wà ní títì ju kí a máa tú kúlà èèyàn wò lọ. Ó lè jẹ́ pé Minnesota náà ń rí èrè díẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ láti fi hàn pé èèwọ̀ yẹn ló ṣe é, èèyàn á nílò adágún méjì tó jọra bí ìbejì, á ṣí ọ̀kan, á ti èkejì, á wá dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí ó ń tó bí ọdún mẹ́rin, márùn-ún kí abo tó dàgbà. Láàárín ìgbà yẹn, gómìnà tuntun á ti dé, wọ́n á ti yí iye tí a lè mú padà, òtútù ọdún kan á sì ti da gbogbo ẹ̀ rú. Kò rọrùn. Èmi rò pé òun náà ló jẹ́ kí òfin yìí pẹ́ tó báyìí. Òun àti ayẹyẹ. Láti 1948 ni gómìnà Minnesota ti ń ṣe ayẹyẹ ìṣísílẹ̀ ẹja pípa, òtẹ́ẹ̀lì ń kún, epo ọkọ̀ ń tà. Ta ló máa da ìyẹn rú nítorí ọ̀rọ̀ ẹyin?

Kí ẹnikẹ́ni má wá torí ohun tí mo kọ yìí gbé ọ̀pá lọ sí adágún tí wọ́n tì o. Òfin ni òfin, bó bá ẹja mu tàbí kò bá a mu, ẹ̀ṣọ́ ẹja kì í sì í gbọ́ àlàyé nípa ẹyin. Ẹ ka ìwé òfin omi tí ẹ ń lọ gan-an, torí odò kan lè jẹ́ ààlà ìpínlẹ̀ méjì, kí ti apá ọ̀tún má sì bá ti apá òsì dọ́gba. Ẹni tó bá ń lọ sí Maumee, tí ìwọ̀ bá mú ẹja níbòmíràn yàtọ̀ sí inú ẹnu, kó dá a padà lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kì í wọṣọ ìjọba ní gbogbo ìgbà. Ẹ sì kúrò lórí yìnyín lásìkò. Ti oṣù kẹta á nípọn lójú, inú rẹ̀ á ti di abẹ́rẹ́ abẹ́rẹ́, pàápàá lẹ́nu odò tó ń ṣàn wọ adágún, níbi tí ẹni tó ń wá walleye ìkẹyìn máa ń fẹ́ lu ihò sí.