Ọ̀fẹ́ tó ń gbowó: bí ìrànwọ́ owó akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Ireland

Tẹ́ ẹ bá jókòó níbi ìnáwó kan ní Blanchardstown tàbí Drogheda, tí ẹnì kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà kó àwọn ọmọ ẹ̀ dé, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún un pé "ọ̀fẹ́ ni yunifásítì níbí o, fọkàn balẹ̀ jàre." Ara ẹ̀ á yá. Ó di ọjọ́ tí ọmọ bá parí Leaving Cert, ìdánwò àṣejáde sẹ́kọ́ńdírì wọn, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì wá kọ̀wé pé kó lọ san 2,500 yúrò, á wá máa wo ojú gbogbo èèyàn pé ọ̀fẹ́ wo rèé? Wọn ò parọ́ fún un o. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́, owó náà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, bí méjèèjì ṣe wá di ọ̀kan ni mo fẹ́ sọ, torí ọ̀rọ̀ yẹn ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ká mú un láti 1908. Kó tó dìgbà yẹn yunifásítì Trinity ti wà ní Dublin, láti 1592 ni ọbabìnrin Elizabeth ti dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ Pùròtẹ́sítáǹtì ni wọ́n ṣe é fún, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì náà ò sì fẹ́ kí ọmọ ìjọ wọn lọ síbẹ̀ (títí di 1970 ni wọn ò fẹ́ o, ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó). Ní 1908, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso Ireland, wọ́n ṣòfin kan tó dá National University of Ireland sílẹ̀, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì Dublin, Cork àti Galway lábẹ́ orúkọ kan. Inú òfin yẹn ni wọ́n ti ki ìlà kékeré kan bọ̀ ọ́ pé káńsù ìbílẹ̀ lè yọ lára owó tó ń gbà lọ́wọ́ àwọn onílé onílẹ̀ àdúgbò ẹ̀, kó fi rán ọmọ ibẹ̀ lọ sí yunifásítì. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ìjọba ńlá ló kọ́kọ́ gbé owó sílẹ̀, káńsù ni, owó àwọn àgbẹ̀ àti onísọ́ọ̀bù ìgbèríko.

Ibi tó dùn jù nínú ìtàn náà fún mi rèé. Àwọn Gaelic League tó ń jà fún èdè Irish ní tí yunifásítì tuntun yìí bá máa jẹ́ ti Ireland, ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ yege nínú èdè Irish, dandan ni. Àwọn tó ń ṣàkóso yunifásítì ń lọ́ra, ọ̀pọ̀ bíṣọ́ọ̀bù náà ò gbà. Làwọn káńsù bá ní kò burú, àwa la ni owó sikọ́láṣípù, kò sí Irish kò sí owó nìyẹn. Ní 1910 yunifásítì gbà fún wọn, láti 1913 ni kò sì sẹ́ni tó lè wọlé láìṣe Irish. Owó tí ò tíì pọ̀ tó nǹkan kan ni wọ́n fi yí yunifásítì lọ́wọ́ pọ̀ o! Èmi tí mo mọ iye iléèwé tí wọ́n ti ń na ọmọ nítorí pé ó sọ Yorùbá ní kíláàsì, nígbà tí mo kà á mo kàn jókòó síbẹ̀ ni.

Àmọ́ sikọ́láṣípù káńsù yìí ò tó nǹkan. Ìdánwò ni wọ́n fi ń mú àwọn ọmọ, ìwọ̀nba díẹ̀ ni káńsù kọ̀ọ̀kan ń mú lọ́dún, ibi tí wọ́n bí ẹ sí ló sì ń sọ bí ọ̀nà ẹ ṣe máa fẹ̀ tó, torí káńsù tó lówó yàtọ̀ sí káńsù tí ò ní. Ireland gba òmìnira ní 1922, ọ̀rọ̀ náà ò yí padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ní 1961, kí ìjọba tó fi owó tiẹ̀ kún ti káńsù. Ọmọ olówó ń lọ, ọmọ tí orí ẹ̀ pé gan-an tó sì tún ṣe kòńgẹ́ ń lọ, àwọn tó kù á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ṣiṣẹ́ ní England.

Ẹni tó wá da gbogbo ẹ̀ rú ni Donogh O'Malley, ará Limerick, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti July 1966. Ọdún tó ṣáájú ìyẹn, ìwádìí kan tí ìjọba fúnra ẹ̀ ṣe pẹ̀lú àwọn OECD, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ajé, ti jáde, ó tú àṣírí pé ọmọ àgbẹ̀ kékeré àti ọmọ lébìrà kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà nílé ìwé, nǹkan bí ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́ta ló ń dúró sí prámárì. Gbogbo èèyàn kà á, wọ́n mirí, wọ́n gbé e síbi kan. O'Malley ò gbé e síbì kankan. Ní September 10, 1966, lọ́jọ́ Sátidé, ó lọ síbi ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn ní Dún Laoghaire, ó dìde, ó ní láti 1967 sẹ́kọ́ńdírì di ọ̀fẹ́ ní Ireland. Jack Lynch tó jẹ́ mínísítà ìṣúná ò gbọ́ nǹkan kan nípa ẹ̀. Kábínẹ́ẹ̀tì ò tíì jókòó lé e. T. K. Whitaker tó jẹ́ ọ̀gá àgbà níléeṣẹ́ ìṣúná bínú débi tó fi kọ̀wé sí olórí ìjọba, Seán Lemass, pé irú kí ni eléyìí, wọ́n ṣe lè sọ ìlérí tó tóbi tó báyìí síta láìbi ẹni tó ń tọ́jú àpò léèrè? Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé Lemass ti mọ̀ sí i, òun ló kàn dijú. Sátidé ló sọ ọ́, ìwé ìròyìn gbé e, ìyá àti bàbá káàkiri ìlú ti ń yọ̀, ta ló máa wá jáde sọ pé àṣìsọ ni? Ọgbọ́n tó dá náà nìyẹn, ó mọ̀ pé tóun bá kọ́kọ́ gbé e lọ fáwọn tó di àpò mú, ibẹ̀ ló máa kú sí.

Ní September 1967 ó bẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ náà wà láti kó àwọn ọmọ ìgbèríko. O'Malley ò rí bó ṣe máa dà, March 1968 ló kú, níbi tó ti ń polongo ìbò ní Clare, ọmọ ọdún 47 péré. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e: tí ọmọ púpọ̀ bá ti parí sẹ́kọ́ńdírì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á yíjú sí yunifásítì, wọ́n á sì bèèrè pé èyí ń kọ́? Brian Lenihan ló gba ipò ẹ̀, ọdún 1968 yẹn náà ni wọ́n ṣe òfin gíráǹtì yunifásítì. Káńsù ló ṣì ń pín in, ṣùgbọ́n ìjọba ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà. Ohun tó wá sọ ọ́ di nǹkan míì ni pé kì í ṣe ìdíje mọ́, tó o bá ti ní honours mẹ́rin (ìyẹn èsì tó ga nínú iṣẹ́ mẹ́rin) nínú Leaving Cert, tí owó tó ń wọlé fáwọn òbí ẹ ò sì kọjá iye kan, ẹ̀tọ́ ẹ ni, kò sẹ́ni tó ń bá ẹ du ú. Kì í sì í ṣe ẹ̀yáwó o, títí di òní kì í ṣe ẹ̀yáwó, wọ́n fún ẹ ni wọ́n fún ẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni gíráǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í bí ọmọ. Láti nǹkan bí 1970 wọ́n ń ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ káàkiri, Athlone, Carlow, Dundalk, Sligo, Waterford, Ireland wọ ẹgbẹ́ Yúróòpù ní 1973, owó Yúróòpù wọlé, wọ́n fi ṣe gíráǹtì míì fáwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wọ̀nyẹn, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tó wà ní agbègbè kọ̀ọ̀kan náà ní sikọ́láṣípù tiwọn, nígbà tó máa fi di ìparí àwọn ọdún 1990 ètò mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà, ọ́fíìsì 66 ló ń pín in, kálukú pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tiẹ̀.

Inú tún ń bí àwọn kan. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ owó-orí kí owó oṣù tó dọ́wọ́ ẹ̀, gbogbo kọ́bọ̀ ẹ̀ ló hàn, tó bá fi yúrò kan (pọ́n-ùn ni nígbà yẹn, mo tọrọ gáfárà) kọjá ààlà, ọmọ ẹ̀ ò rí gíráǹtì. Àgbẹ̀ tó ní ilẹ̀ rẹpẹtẹ tàbí ẹni tó ní iṣẹ́ tara ẹ̀, ìwé ìṣirò ẹ̀ lè fi hàn pé èrè tíńtín ló jẹ lọ́dún náà, ọmọ tiẹ̀ á gba gíráǹtì, á tún gun mọ́tò bàbá ẹ̀ lọ sí lẹ́kíṣọ̀. Àwọn olówó gidi ní ọ̀nà tiwọn: bàbá á tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pé òun á máa fún ọmọ òun ní owó báyìí lọ́dún, ìjọba á sì dín owó-orí ẹ̀ kù nítorí ẹ̀. Òfin ò ní kí wọ́n má ṣe é. Ọmọ òṣìṣẹ́ tó wà láàárín ló ń fojú winá ẹ̀.

Báyìí ni Niamh Bhreathnach, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti ẹgbẹ́ òṣèlú Lébọ̀, ṣe kéde ní 1995 pé ìjọba á fagi lé owó iléèwé yunifásítì fún ẹni tó ń gba dìgírì àkọ́kọ́. Wọ́n gé e sí ìdajì lọ́dún yẹn, ó tán pátápátá ní 1996, wọ́n sì pa ìwé àdéhùn àwọn olówó yẹn rẹ́ kí wọ́n lè rí lára owó tí wọ́n máa fi san án. Wọ́n pariwo lé e lórí títí, wọ́n ní ọmọ tálákà tó ti ń gba gíráǹtì kì í kúkú san owó iléèwé látẹ̀yìn wá, ẹni tí ọ̀fẹ́ yìí wúlò fún jù ni ẹni tó lè san án, á wá kó owó tó ṣẹ́ kù lé lẹ́sìnnì àdáni kí ọmọ ẹ̀ lè gba máàkì tó ga. Èmi gbà pé òótọ́ wà níbẹ̀. Síbẹ̀, kò sóhun tó dà bíi kí ọmọ ọlọ́dún méjìlá mọ̀ pé yunifásítì kì í ṣe ilé olówó nìkan, ẹni tó bá ti dàgbà nínú ilé tí wọn ò ti lè dárúkọ ẹ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ibẹ̀ náà ni owó tí mo kọ́kọ́ sọ ti wọlé. Nígbà tí wọ́n gbé owó iléèwé jáde ní ẹnu ọ̀nà iwájú, ohun kékeré kan ti gba ẹ̀yìn wọlé, wọ́n pè é ní owó iṣẹ́ ìsìn akẹ́kọ̀ọ́, fún ìforúkọsílẹ̀, ìdánwò, ẹgbẹ́ àti eré ìdárayá. Nǹkan bíi 150 pọ́n-ùn ni. Ó ń dàgbà bí ọmọ tó ń jẹun dáadáa. Mínísítà kan, Noel Dempsey, tiẹ̀ fẹ́ dá owó iléèwé gangan padà fún olówó ní 2003, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣèjọba ò gbà fún un, nítorí náà ẹ̀yìnkùlé ni owó ń gbà wọlé. Nígbà tó fi di 2009 ó ti di 1,500 yúrò, ìgbà yẹn ni ọrọ̀ ajé Ireland dojú dé. Ní February 2011, bí ìbò ṣe ku ọjọ́ díẹ̀, Ruairí Quinn, olóṣèlú ẹgbẹ́ Lébọ̀, lọ síwájú Trinity, ó tọwọ́ bọ ìwé ìlérí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé owó ò ní lé sí i. Ó wọlé, ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Owó di 2,000 lọ́dún yẹn, ó sì ń fi 250 lé 250 títí ó fi dé 3,000 ní 2015. Orúkọ ẹ̀ náà ti yí padà, "ìdáwó akẹ́kọ̀ọ́" ni wọ́n ń pè é báyìí. Ìdáwó kẹ̀!

Àmọ́ ẹni tó bá ń gba gíráǹtì tó kún, ìjọba ló ń bá a san ìdáwó yìí, á tún fún un ní owó oúnjẹ àti ilé. Bí ilé ẹ ṣe jìnnà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ló ń sọ iye tó o máa gbà. Kìlómítà 24 ni ààlà tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá kọjá ẹ̀ á gba èyí tó pọ̀, nígbà tí owó wọ́n ìjọba wọ́n sún un lọ sí 45, ọ̀pọ̀ ọmọ sùn, wọ́n jí, ilé wọn ti "súnmọ́" kọ́lẹ́ẹ̀jì lójijì. Ní 2022 wọ́n dá a padà sí 30.

Ọdún 2012 ni wọ́n pa ọ́fíìsì 66 yẹn pọ̀ di ọ̀kan ní Dublin, wọ́n sọ ọ́ ní SUSI, bí orúkọ ọmọbìnrin kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín. Ọdún àkọ́kọ́ ẹ̀ ò dáa rárá, ìwé pọ̀ ju ọwọ́ tó ń tú u lọ, ọmọ wà tó jẹ́ pé Kérésì dé tí kò tíì rí kọ́bọ̀. Ó ti tò báyìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹ̀.

Fún àwa tá a wá láti òde, ibi tí ọ̀rọ̀ ti le rèé. Kí SUSI tó dá ẹ lóhùn, ọmọ gbọ́dọ̀ ti gbé Ireland ọdún mẹ́ta nínú márùn-ún tó kọjá, kó sì jẹ́ ọmọ ìlú, ọmọ Yúróòpù tàbí Bìrìtìkó, tàbí kó ní ìwé ìgbélùú tó wà nínú òfin wọn. Ọmọ àwọn tó ń tọrọ ààbò, tí wọ́n kó sínú hòtẹ́ẹ̀lì àti ọgbà Direct Provision (ètò tí ìjọba fi ń fún wọn nílé àti oúnjẹ) láti 2000, wọ́n á lọ sẹ́kọ́ńdírì lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á yege, wọ́n á wá dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì kí wọ́n tó gbọ́ pé iye tí ará òkè òkun ń san ni àwọn náà máa san. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ọdún 2015 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ètò kékeré kan fún wọn, wọ́n tún ní ọmọ gbọ́dọ̀ ti lo ọdún márùn-ún níléèwé Ireland, ìwọ̀nba ló lè bọ́ síbẹ̀, wọ́n wá dín in sí mẹ́ta lẹ́yìn náà.

Èyí tó gbẹ̀yìn ni ti 2,500 tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Láti 2022, nígbà tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, ìjọba ń yọ 1,000 nínú 3,000 lọ́dọọdún, wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni, àwọn òbí ń san 2,000. Ní 2025 wọ́n ní ìgbà díẹ̀ ti tán, ariwo ta, nígbà tí bọ́jẹ́ẹ̀tì jáde ní October wọ́n ní àwọn yọ 500 kúrò títí láé. Ìjọba ní àwọn dín in kù sí 2,500. Ìyá tó san 2,000 lọ́dún tó ṣáájú ń ka owó ẹ̀, 500 ló fi lé e.